Owó orí tuntun ọdún 2026: kí ló máa yí padà nínú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?

Ìyá Ìbejì Tákié

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ owó orí tuntun yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákié. Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ oṣù ní iléeṣẹ́ aládàáni kan, ₦150,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ilé háyà la wà, ₦250,000 lọ́dún. Àkọ́bí wa wà ní LAUTECH, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó kan lókè òkun, wọ́n sì ń sanwó fún un. Màámi ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àbúrò mi tó wà ní Kánádà sì máa ń fowó ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oníbàárà mi kan ló dá jìnnìjìnnì sí mi lára. Ó ní báńkì ti ń yọ owó orí nínú akáǹtì àwọn èèyàn. Ó ní ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ tí kò kọ "ẹ̀bùn" sí i, ìjọba máa gé níbẹ̀. Ló bá ní kí n tètè lọ gba nọ́ńbà owó orí. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, wọ́n gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ bébà kan fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí, kí ni kò kàn wá?

Ọmọ Under G

Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi náà fẹ́ mọ̀ o. Irú iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe ni mò ń ṣe.

Aṣírò Sábó

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, mo sì ti ka òfin yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Irọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín.

Òfin mẹ́rin ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025. Èyí tó kan owó oṣù àti òwò wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. FIRS, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di NRS. Zacch Adedeji tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa nígbà kan ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á. Ọ̀yọ́ ni owó Bàbá Ìbejì ń lọ, kì í ṣe Àbújá.

Ti báńkì: kò sí ohun tó ń jẹ́ pé báńkì ń ṣí akáǹtì èèyàn kí ó gé owó orí níbẹ̀. Owó tó wọlé sí akáǹtì yàtọ̀ sí èrè. Èrè àti owó iṣẹ́ ni òfin ń wò. Bí ẹ bá kọ "ẹ̀bùn", bí ẹ kọ "owó ata", bí ẹ kò kọ nǹkan kan, kò yí ohunkóhun padà. Owó tí àbúrò yín ń fi ránṣẹ́ sí Màmá jẹ́ ẹ̀bùn láàárín ẹbí, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Màmá náà, òfin yọ ọ́ sílẹ̀. Kí Màmá lo oògùn wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ti ₦5,000 yẹn dùn mí. Nọ́ńbà NIN tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ náà ni nọ́ńbà owó orí yín báyìí. Ẹni tó ní iléeṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì, nọ́ńbà RC rẹ̀ ni, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì náà. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbowó lọ́wọ́ yín láti "ṣe" é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ sọ fún àwọn ìyá yín lọ́jà, nítorí àwọn ni wọ́n ń fi èyí jẹ jù.

Mo ń bọ̀ wá sórí owó oṣù Bàbá Ìbejì, oníbàárà dé.

Ìyá Ìbejì Tákié

Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. ₦5,000 mi ti lọ nìyẹn.

Aṣírò Sábó

Ó dáa. Ẹ mú bírò.

₦150,000 lóṣù jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ₦144,000 nìyẹn. Wọn kì í bu owó orí lé e. Lẹ́yìn náà ni owó ilé. Òfin tuntun ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó háyà tí èèyàn san lọ́dún, kó má ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Ìdá 20 nínú ₦250,000 jẹ́ ₦50,000. Ó ku ₦1,606,000.

Nínú èyí, ₦800,000 àkọ́kọ́, òdo ni owó orí rẹ̀. Ó ku ₦806,000. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦120,900. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ₦10,075 ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yọ lóṣù.

Lábẹ́ òfin àtijọ́, owó yìí kan náà ì bá mú ₦133,712 lọ́dún, ó lé díẹ̀ ní ₦11,100 lóṣù. Ó dínkù nìyẹn. Mi ò ní sọ fún yín pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ó dínkù.

Bí owó èèyàn bá ń gòkè, ìdá náà ń gòkè: lẹ́yìn ₦800,000 yẹn, ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e ni ìdá 15, ₦9 mílíọ̀nù ni ìdá 18, ₦13 mílíọ̀nù ni ìdá 21, ₦25 mílíọ̀nù ni ìdá 23, èyí tó bá lé ní ₦50 mílíọ̀nù ni ìdá 25. Púpọ̀ nínú wa kò ní rékọjá ìdá 15. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀, ìyẹn ₦70,000, kò san rárá. Bí ẹ bá ní ọmọṣẹ́ tí ẹ ń san ₦40,000 fún, ẹ má yọ kọ́bọ̀ lórúkọ owó orí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni owó ilé yẹn. Tẹ́lẹ̀, òfin kàn ń fún gbogbo èèyàn ní ìdẹ̀ra kan náà láìbéèrè ohunkóhun, ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 owó tó wọlé. Wọ́n ti fagi lé e. Owó ilé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè fi hàn pé òun sanwó ilé kò ní rí i gbà. Ní ti Bàbá Ìbejì, ₦7,500 lọ́dún ni ìwé kan ṣoṣo yẹn máa dá dúró sí àpò rẹ̀. Ẹ ní rìsíìtì owó ilé?

Ìyá Ìbejì Tákié

Rìsíìtì ké? Ọdún keje wa rèé nínú ilé yìí. Bàbá onílé kàn máa ń ka owó, wọ́n á ní "Ọlọ́run á pèsè ti ọdún tó ń bọ̀," wọ́n á kó o sápò. Ìgbà kan wà tí a fi báńkì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ lọ́wọ́ ni a sábà máa ń san án.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìntì

Gbogbo ìlú yìí nìyẹn. Bí a bá béèrè rìsíìtì, onílé á rò pé a fẹ́ pe òun lẹ́jọ́.

Onílé Másífà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa onílé. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, owó àjẹmọ́nú mi ni mo fi kọ́ ilé yàrá mẹ́fà. Kì í ṣe pé a burú. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Bí mo bá kọ rìsíìtì fún ayálégbé mẹ́fà, ṣé kì í ṣe èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi fa àwọn agbowó orí wá sílé? Ohun tó ń pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Aṣírò Sábó

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ jáde, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ so kọ́ sí gan-an nìyẹn. Òótọ́ ni pé owó ilé jẹ́ owó tó wọlé fún yín, owó orí sì wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe òfin tuntun ló mú un wá, ó ti wà tipẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, èló ni yàrá kan?

Onílé Másífà

₦100,000 lọ́dún. Àwọn méjì kan ti jẹ mí ní gbèsè.

Aṣírò Sábó

Mẹ́fà lọ́nà ₦100,000 jẹ́ ₦600,000, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ san án. Páànù tí ẹ pààrọ̀ àti kànga tí ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, owó àtúnṣe ni, ẹ lè yọ ọ́. Owó ìfẹ̀yìntì yín kò sí nínú ìṣirò. Bí kò bá sí òwò mìíràn lọ́wọ́ yín, ẹ kò tí ì dé ₦800,000. Òdo ni owó orí yín. Bàbá, ẹ̀rù òdo ló ti ń bà yín láti ọjọ́ yìí, ayálégbé yín ló sì ń pàdánù.

Onílé Másífà

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èmi kò mọ̀. Ó yẹ kí n ti béèrè tipẹ́.

Mo ra ìwé rìsíìtì kan lọ́dún tí mo parí ilé náà, kò sí ẹni tí mo kọ ọ́ fún rí. Mo máa wá a.

Bàbá Oníkajú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba èmi náà láyè. Mo ṣì kéré lọ́dún 1969 tí àwọn àgbẹ̀ kọ̀yà. "Òkè mẹ́fà la ó san" ni wọ́n ń kọ kiri, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, nítorí owó orí tí wọ́n bù lé wọn kọjá agbára wọn, kòkó kò sì mówó wọlé mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ti san ẹ̀jẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Nínú rògbòdìyàn yẹn la ti pàdánù Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ẹni tó bá gbọ́ igbe ọjọ́ yẹn kò lè gbàgbé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá ń bẹ̀rù nígbà tó gbọ́ "owó orí", ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan tí mo rántí nípa bàbá mi: agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn. Gbogbo ìwé owó orí tí wọ́n san ló wà nínú rẹ̀, ti ọdún dé ọdún, wọ́n fi okùn òwú dì í. Àwọn akódà máa ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà oko. Bí bàbá mi bá ti fi ìwé hàn wọ́n, wọ́n á kọjá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù, ó máa san ẹlẹ́ẹ̀kejì. Agolo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Àárádà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, Bàbá. Ẹ̀yin Aṣírò, ti àwa ọlọ́jà ńkọ́? Owó tó ń gba akáǹtì mi kọjá lọ́dún lè tó mílíọ̀nù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta èlùbọ́ mọ ohun tó ń kù. Ṣé mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n máa kà sí mi lọ́rùn?

Aṣírò Sábó

Rárá o. Ẹ wò ó. Ká ní ọjà tí ẹ tà jẹ́ ₦6,000,000. Ẹ ra èlùbọ́ ní ₦4,500,000. Ọkọ̀ láti Ṣakí, àpò, alábàárù, owó ṣọ́ọ̀bù, owó tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Èrè yín jẹ́ ₦900,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦100,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦15,000 lọ́dún. Bí ẹ bá tún fi owó háyà ilé tí ẹ ń gbé yọ, ó máa dín sí i.

Ẹ má da owó ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ owó ilé o. Owó ṣọ́ọ̀bù, ìnáwó òwò ni, odindi rẹ̀ ni ẹ máa yọ. Owó ilé tí ẹ ń sùn, ìdá 20 rẹ̀ nìkan ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá ní ìwé tí ẹ fi kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà, ẹlòmíràn ló máa fojú díwọ̀n èrè yín fún yín. Ìwé gbèsè tí ẹ máa ń kọ ti awin sí, ẹ ra òmíràn síwájú rẹ̀, ẹ kọ èyí tí ẹ rà sí i lójoojúmọ́. Kò ju ìlà méjì lọ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Àárádà

Mo fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kọ́ńpìnnì kékeré kì í san. Ṣé kò kàn mí ni?

Aṣírò Sábó

Ìyá mi, orúkọ òwò lásán ni ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì tí ọjà rẹ̀ kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, ni wọ́n yọ nínú owó orí kọ́ńpìnnì. Ẹni tó ní orúkọ òwò nìkan, òun fúnra rẹ̀ ni òfin ń wò, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi èyí gbọ́.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìntì

₦50 tí báńkì ń yọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti yí padà.

Aṣírò Sábó

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé fún ni wọ́n ń yọ ₦50 lọ́wọ́ rẹ̀ bí owó náà bá tó ₦10,000. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án. Owó oṣù kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí èèyàn gbé láti akáǹtì ara rẹ̀ sí òmíràn nínú báńkì kan náà. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ̀yin lẹ jàǹfààní rẹ̀, àwọn oníbàárà yín ló máa ràhùn.

Ìyá Ìbejì Tákié

Ọmọ mẹ́rin la bí. Owó iléèwé ló ń gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ wa. Kò sí ìdẹ̀ra fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ?

Aṣírò Sábó

Kò sí, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ọmọ kò sí níbẹ̀, owó iléèwé kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, NHF (owó àjọni ilé kíkọ́ ti ìjọba), owó ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, owó ìbánigbófò ẹ̀mí tí èèyàn san fún ara rẹ̀ tàbí fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, èlé orí yíyá owó tí èèyàn fi kọ́ ilé tó ń gbé, àti owó háyà. Ẹni tó bí ọmọ kan àti ẹni tó bí mẹ́fà, ọ̀kan náà ni lójú òfin yìí. Lójú tèmi, ibi tó kù káàtó jù fún ìdílé nìyẹn. VAT, ìyẹn owó orí tó ń wà lórí ọjà, kò sí lórí owó iléèwé, oúnjẹ bí iṣu, gàrí àti ẹ̀wà, oògùn, owó háyà àti owó ọkọ̀ akérò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní VAT tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má retí pé gàrí máa wálẹ̀ nítorí òfin.

Ọmọ Under G

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ó kan àwa tí à ń gba dọ́là.

Aṣírò Sábó

Àbúrò, ìwọ ló yẹ kí o múra jù, nítorí kò sí ọ̀gá tó ń bá ọ yọ ọ́. Níbikíbi tí owó náà ti wá, tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà lò ń gbé, ó wà nínú ìṣirò. Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ iye tó wọlé fún àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù kẹta lọ́dọọdún. Ti owó ọdún 2025, oṣù kẹta ọdún 2026 ni, ìdá àtijọ́ sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ti 2026, oṣù kẹta ọdún 2027 ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ìtanràn yẹn lè ju owó orí gan-an lọ.

Wo àpẹẹrẹ. Ká ní gbogbo dọ́là rẹ lọ́dún 2026, tí o bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, jẹ́ ₦3,000,000. Dátà, epo jẹnẹrétọ̀, owó tí ìkànnì iṣẹ́ náà ń gé, jẹ́ ₦400,000. Ó ku ₦2,600,000. Yàrá rẹ ní Under G jẹ́ ₦150,000, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ó ku ₦2,570,000. Yọ ₦800,000, ó ku ₦1,770,000. Owó orí rẹ jẹ́ ₦265,500. Kọ̀ǹpútà tí o rà, wọn kì í yọ odindi owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọdún ni wọ́n ń pín in sí, ṣùgbọ́n tọ́jú ìwé tí o fi rà á.

Mo mọ̀ pé ₦265,500 pọ̀ lójú akẹ́kọ̀ọ́. Bí owó bá ti ń wọlé, máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú akáǹtì mìíràn lóṣooṣù. Má dúró de oṣù kẹta.

Ọmọ Under G

Mo gbọ́ sà. Mi ò tilẹ̀ kọ ohunkóhun sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo máa wá gbogbo rẹ̀ nínú ímeèlì mi lónìí.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìntì

Ìbéèrè mi kúrú. Mo fẹ́ ta ilé tí mò ń gbé kí n lè kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ìlọrin.

Aṣírò Sábó

Ilé tí ẹ ń gbé fúnra yín, kò sí owó orí lórí èrè tí ẹ bá rí nínú títà rẹ̀. Ilé tí ẹ fi háyà, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ mú ìwé ilé àti rìsíìtì iná mànàmáná dání tí ẹ ó fi hàn pé ibẹ̀ lẹ gbé.

Ìyá Ìbejì Tákié

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá. Mo mú àǹkárá ọmọ bàbá onílé wa tí mo rán lọ fún wọn lálẹ́ àná, mo sì rọra dá ọ̀rọ̀ rìsíìtì sílẹ̀. Mo ṣàlàyé ti Onílé Másífà fún wọn bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, pé yàrá mẹ́fà náà kò mú owó orí wá. Bàbá dákẹ́ títí. Ni wọ́n bá ní kí ọmọ wọn mú bébà wá. Ohun tí wọ́n kọ rèé: "Mo gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lé nígba náírà lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì, owó ilé ọdún kan." Wọ́n fọwọ́ sí i. Bàbá Ìbejì mú un lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, akáǹtáǹtì wọn ní òun kò lè gbà á.

Aṣírò Sábó

Ó tọ́ bí kò ṣe gbà á. Orúkọ Bàbá Ìbejì gan-an kò sí níbẹ̀, orúkọ bàbá onílé àti àdírẹ́sì ilé kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbowó àti ọdún tí owó náà wà fún kò sí níbẹ̀. Ẹ padà lọ, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà tuntun. Kí ẹ sì so ìwé báńkì tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà kan yẹn mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń san án. Ti ọdún tó ń bọ̀, báńkì ni kí ẹ fi san gbogbo rẹ̀.

Onílé Másífà

Ìyá Ìbejì, mo ti rí ìwé rìsíìtì tèmi. Ó ṣì funfun. Ẹ yà kọjá ní Másífà, mo máa fún yín ní ewé kan níbẹ̀ kí bàbá onílé yín lè rí bí ó ṣe yẹ kó rí.

Ìyá Ìbejì Tákié

Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo ń bọ̀ báyìí, kí bàbá onílé wa tó jáde lọ kírun aago méjì.